Ìmọ́lẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀: bí a ṣe lè ya fíìmù nípa ara wa ní Banigbé

Ní Banigbé lónìí, bí gèlèdé bá jáde, bí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà, bí ọjà bá kún, ẹ ó rí i pé fóònù tó wà lókè ju ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ lọ. Ẹni tó bá ti ní fóònù ti ní kámẹ́rà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tá a bá jókòó lálẹ́ tá a fẹ́ wo ohun tá a yà, kí la sábà máa ń rí? Ojú ìyá àgbà ṣú bí ìdí ìkòkò, ògiri tó wà lẹ́yìn wọn funfun báláú. A rí gèlè, a rí ìlẹ̀kẹ̀, a ò rí ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti sọ fún wa pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ràn láti ya fíìmù kéékèèké tí wọ́n á fi kọ́ ọmọ iléèwé: bí wọ́n ṣe ń ṣe epo pupa, bí wọ́n ṣe ń yan gàrí, bí àgbẹ́gilére ṣe ń gbẹ́ igi. Fíìmù tí kò ní òṣèré, tó jẹ́ pé ènìyàn gidi ló wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ gidi, òun ni àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní documentaire. Ọ̀pọ̀ ló rò pé kò sí ọgbọ́n kankan nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kéèyàn ṣáà gbé kámẹ́rà, kó tẹ bọ́tìnnì, ohun tó bá wà níbẹ̀ á wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ wo èdè wa ná. Igbá, igba, ìgbà, igbà: lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Àmì ohùn ló sọ èyí di ohun tá a fi ń mu omi, ló sọ ìyẹn di iye owó, ló sọ òmíràn di àkókò, ló sì sọ ìkẹyìn di okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí nínú fíìmù gan-an nìyẹn. Obìnrin kan náà, iṣẹ́ kan náà, àgbàlá kan náà: bí ìmọ́lẹ̀ bá yí padà, ìtumọ̀ yí padà. Ẹni tó bá ń ya fíìmù tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láì mọ ohun tó ń sọ.

Ohun mẹ́ta tó ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi kámẹ́rà wé yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo. Bí ìmọ́lẹ̀ tó wọ yàrá náà ṣe máa pọ̀ tó wà lọ́wọ́ ohun mẹ́ta: bí fèrèsé ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí, àti bí ojú ẹni tó wà nínú yàrá ṣe mú tó.

Èkíní ni fífẹ̀ ihò ojú kámẹ́rà. Wọ́n máa ń fi f kọ ọ́: f/2, f/5.6, f/16. Ohun tó máa ń dàrú mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ni pé bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó. Ní f/2 ihò fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ibi kan péré ló máa ń hàn kedere, gbogbo ẹ̀yìn á rí bàìbàì. Ní f/16 ihò há, ṣùgbọ́n iwájú àtẹ̀yìn ló máa hàn. Kí wá ni ìtumọ̀ rẹ̀? Bí ẹ bá ya ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lọ́jà Banigbé ní f/2, ọjà á parẹ́ lẹ́yìn wọn, àwọn nìkan á kù. Fíìmù yẹn ń sọ pé: ẹ wo ìyá yìí, ẹ gbọ́ tiwọn. Bí ẹ bá yà wọ́n ní f/11, àwọn tó ń ná ọjà, alárù, ọmọ tó gbé igbá sórí, gbogbo wọn á hàn. Ìyẹn ń sọ pé: ẹ wo ìyá yìí láàárín àwọn ènìyàn wọn. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ní ti fóònù, ihò ojú rẹ̀ kì í sábà yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀yìn rí bàìbàì, kó sún mọ́ ẹni tó ń yà dáadáa, kó sì jẹ́ kí ẹ̀yìn jìnnà.

Èkejì ni bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Àwòrán 25 ló sábà máa ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú fíìmù lọ́dọ̀ tiwa. Àṣà àwọn ọlọ́gbọ́n iṣẹ́ ni pé kí ojú náà ṣí fún ìlàjì àkókò àwòrán kan, ìyẹn 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìrìn ènìyàn á máa ṣàn bí ojú ara wa ṣe ń rí i. Bí ẹ bá gbé e lọ sí 1/500, ẹ̀kán epo tó ń ta jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń tẹ ẹyìn nínú èkù á dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìrìn á máa já gẹ́kẹ́gẹ́kẹ́. Iṣẹ́ á dà bí ìjà. Bí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1/25, ẹsẹ̀ á máa fà lọ bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Iṣẹ́ á dà bí àlá. Ẹ bi ara yín léèrè kí ẹ tó yàn: kí ni iṣẹ́ yìí jẹ́ fún àwọn tó ń ṣe é?

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀. Iná mànàmáná tiwa ń ṣẹ́jú, bí ojú wa ò tilẹ̀ rí i. 50 Hz ni wọ́n fi ń pín in. Nítorí náà, lábẹ́ gílóòbù, ẹ dúró ní 1/50 tàbí 1/100. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlà dúdú á máa gun àwòrán lọ sókè sódò, ẹ ó sì máa bá fóònù jà nígbà tí fóònù ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó rí ga tó. Nínú oòrùn, 100 tó. Lábẹ́ òrùlé, 400 tàbí 800. Lóru, ó lè di 3200. Bó ṣe ń ga sí i ni àwòrán á máa hu iyanrìn. Àwọn kan kórìíra iyanrìn yìí pátápátá. Àwa ò kórìíra rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òru tó ní iyanrìn díẹ̀ ṣì jẹ́ òru. Òru tí wọ́n tan iná ńlá sí kì í ṣe òru mọ́.

Pupa iná, funfun ọ̀sán

Ìmọ́lẹ̀ ní àwọ̀. Wọ́n ń fi Kelvin wọn ọ́n. Fìtílà tàbí ògùṣọ̀ sún mọ́ 2000, gílóòbù àtijọ́ wà ní nǹkan bí 3000, oòrùn ọ̀sán wà ní nǹkan bí 5500, abẹ́ ibòji sì lè kọjá 7000. Ọpọlọ wa ń tún un ṣe fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí aṣọ funfun fi ń funfun lójú wa tọ̀sán tòru. Kámẹ́rà náà ń gbìyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìjàǹbá wà. Ká ní ìyá kan jókòó ti ààrò ní agogo márùn-ún ìdájí, iná ìhá ẹyìn ń tan pupa sí wọn lójú. Kámẹ́rà á sọ pé pupa yìí pọ̀ jù, á yọ ọ́ kúrò. Ìdájí á di ọ̀sán gangan, ooru iná á lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó ń wò ó ní Kútọnu tàbí ní Paris mọ̀ pé ìyá yìí ti wà nídìí iná kí oòrùn tó yọ, ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e sí 5000 tàbí 5500, ẹ sì fi í síbẹ̀. Pupa yẹn ni ẹ̀rí pé wọ́n tètè jí.

Ìgbà ọyẹ́ náà ní tirẹ̀. Eruku inú afẹ́fẹ́ máa ń sẹ́ oòrùn bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì, ìmọ́lẹ̀ á rọ̀, òjìji ò ní le. Ẹni tó bá fẹ́ ya ojú àgbà dáadáa, kó lo ìgbà yẹn. Láàárín agogo mọ́kànlá àárọ̀ sí agogo mẹ́ta ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí gan-an ni oòrùn wa máa ń dúró. Kòtò ojú á kún fún òkùnkùn, ẹni rere á dà bí ẹni tó ń bínú. Ẹ má ya ènìyàn láàárín gbangba nígbà yẹn, àyàfi tó bá jẹ́ pé líle oòrùn gan-an lẹ fẹ́ sọ.

Awọ ara wa kì í ṣe àṣìṣe

Kí ló dé tí ojú wa fi ń ṣú nínú fíìmù? Kámẹ́rà tó ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun, tá a bá dà á pọ̀, yẹ kó dúró láàárín dúdú àti funfun. Bí ògiri funfun bá gba ibi tó pọ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Ògiri á dára, ojú á ṣú.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Láti nǹkan bí ọdún 1950 síwájú, Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé tó ń fọ fọ́tò, kí wọ́n lè fi díwọ̀n àwọ̀. Obìnrin òyìnbó ló wà lórí káàdì náà, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é ni Shirley. Bí awọ Shirley bá ti dára, iṣẹ́ ti parí. Awọ tiwa ò sí nínú ìṣirò. Ohun tí àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní Kodak sọ lẹ́yìn náà ni pé àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pariwo pé dúdú ọjà àwọn kò hàn dáadáa. Ẹ gbọ́ o: igi àti ṣokoléètì! Irinṣẹ́ òde òní ti sàn ju ti ìgbà yẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbójú lé e pátápátá, ojú ìyá rẹ̀ á ṣú.

Ọ̀nà àbáyọ ò wọ́n. Lórí fóònù, ẹ tẹ ìka mọ́ ojú ẹni tí ẹ ń yà, ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ títí tí ìdíwọ̀n á fi tì pa síbẹ̀, kí ẹ wá fa àmì oòrùn kékeré náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni síwájú ògiri funfun tàbí ẹnu ọ̀nà tí oòrùn ń gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá. Bí ẹ̀gbẹ́ kejì bá ṣókùnkùn jù, ẹ ta aṣọ funfun kan síbẹ̀, á dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú. Kí wọ́n fi òrí díẹ̀ pa ojú, kí wọ́n má fi àtíkè. Awọ dúdú tó ń dán máa ń gba ìmọ́lẹ̀ bí omi ṣe ń gbà á, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ, ilà ojú á yọ, ọjọ́ orí á yọ. Nígbà yẹn lẹ tó rí ènìyàn.

Ìdúró kámẹ́rà náà ń sọ̀rọ̀. Àgbà jókòó sórí ẹní, ọmọdé dúró lé wọn lórí pẹ̀lú kámẹ́rà, ó ń wò wọ́n láti òkè. Nílé wa, ta ló ń bá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ lóṣòó, kí ojú kámẹ́rà bá ojú wọn dọ́gba tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹni tó ń wo fíìmù lè má mọ ìdí rẹ̀, àmọ́ á mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹni tó wà níwájú òun.

Àwọn tó ti ya wá ṣáájú

Ní ọdún 1930, àlùfáà Francis Aupiais, tó ti gbé Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo fún ọ̀pọ̀ ọdún, padà sí Dahomey pẹ̀lú ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Frédéric Gadmer. Albert Kahn, olówó ará Faransé, ló rán wọn níṣẹ́. Wọ́n ya fíìmù nípa ẹ̀sìn ìbílẹ̀ àti ẹ̀sìn Kristi, wọ́n sì ya fọ́tò aláwọ̀ tó lé ní 1000 sórí dígí. Ìṣúra ni wọ́n lónìí, ilé ọnà Albert-Kahn ní Boulogne-Billancourt ló ń tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí irinṣẹ́ ṣe ń darí ohun tí a rí. Dígí aláwọ̀ yẹn kì í tètè gba ìmọ́lẹ̀. Nínú oòrùn pàápàá, ènìyàn ní láti dúró láì mira fún bí ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi máa ń dúró gbagidi nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé a ò kì í rẹ́rìn-ín. A ń rẹ́rìn-ín. Dígí ni kò lè gbà á. Òru wa sì ṣòro fún un láti rí.

Lẹ́yìn náà ni òfin 1934 dé, tí wọ́n ń pè ní décret Laval. Ó sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ya fíìmù ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ ìjọba. Paulin Soumanou Vieyra, tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1925, lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní iléèwé IDHEC ní Paris. Nígbà tí kò ṣeé ṣe fún òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ya fíìmù nílé, Paris níbẹ̀ ni wọ́n ti ya Afrique-sur-Seine ní ọdún 1955, nípa àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń gbé ibẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́, tí kò jìnnà sí Banigbé rárá, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó lè fi wo ara wa.

Ẹ wá wo Dahomey, fíìmù Mati Diop tó gba Béárì Oníwúrà ní Berlin ní ọdún 2024. Ó sọ nípa ohun ìṣúra 26 tí àwọn ọmọ ogun Faransé kó ní Àgbómẹ̀ ní ọdún 1892, tí wọ́n sì dá padà sí Benin ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Èyí tó ń jẹ́ nọ́ńbà 26, ère ọba Ghézo, ń sọ̀rọ̀ ní èdè Fọn, ojú fíìmù sì máa ń ṣú dúdú pátápátá nígbà míràn tí ohùn náà bá ń jáde. Ẹlòmíràn ì bá ti wá àwòrán kan fi dí ibẹ̀. Diop fi òkùnkùn sílẹ̀, kí àwa náà lè jókòó sínú àpótí pẹ̀lú ère náà. Òkùnkùn yẹn ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ. Kò sí fóònù tí kò lè ṣe irú rẹ̀: ẹ fi ọwọ́ bo ojú kámẹ́rà, kí ẹ jẹ́ kí ohùn máa lọ. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni kéèyàn mọ ìdí tó fi ṣe é.

Òru Ẹ̀fẹ̀, ọ̀sán Gèlèdé

UNESCO ti gbé gèlèdé sórí àtẹ ohun àjogúnbá ayé. Ọdún 2001 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde rẹ̀, ó sì jẹ́ ti Benin, Nàìjíríà àti Togo pa pọ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé ó ní apá méjì. Òru ni Ẹ̀fẹ̀, ọ̀sán ni ijó. Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin lóru, ó ń kìlọ̀, ó ń dá àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, ó ń júbà àwọn ìyá. Òru yẹn kì í ṣe pé iná ò sí. Òru jẹ́ apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tó bá wá tan iná ńlá orí kámẹ́rà sí ojú agbo ti ba òru jẹ́ fún gbogbo ènìyàn, nítorí àwòrán tirẹ̀ nìkan. Ẹ lo ìmọ́lẹ̀ tí àwọn aráàlú fúnra wọn tàn. Ẹ ṣí ihò ojú kámẹ́rà dáadáa, ẹ fi sí 1/50, ẹ gbé ISO sí 1600 tàbí 3200, ẹ jẹ́ kí iyanrìn wà. Bí orin bá ti inú òkùnkùn jáde kí ojú tó rí ẹni tó ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe ń rí fún ẹni tó wà níbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá wá mọ́, tí ìbejì gèlèdé bá jáde, ẹ há ihò náà, kí agbo, àwọn onílù, àti àwọn ìyá tó jókòó lè hàn pọ̀. Ijó yẹn kì í ṣe ti ẹnì kan. Ó sì dájú pé ẹ ó ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà kí ẹ tó tan kámẹ́rà rárá. Ohun tí ojú gbogbo kò gbọ́dọ̀ rí, kámẹ́rà ò gbọ́dọ̀ rí i.

Nígbà tí òjìji bá ń fẹ̀sùn kanni

A fẹ́ sọ èyí ní pàtàkì, torí ó lè pa ènìyàn lára. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibodè Ìgòlò, ọ̀pọ̀ ló ti fi ẹ́sáǹsì kpayo bọ́ ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ ya fíìmù nípa wọn á fẹ́ bo ojú wọn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, bí wọn ò bá fẹ́ kí wọ́n mọ àwọn. Ohun tó sábà máa ń wá sí ọkàn ni pé kí wọ́n jókòó síwájú fèrèsé, kí wọ́n di òjìji dúdú. Ṣùgbọ́n níbo la ti máa ń rí irú òjìji bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifísọ̀n? Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àwọn olè àti apànìyàn ni. Kí ìyá náà tó la ẹnu, ìmọ́lẹ̀ ti dá wọn lẹ́bi.

Ọ̀nà míràn wà. Ẹ ya ọwọ́ wọn nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tó rọ̀, bí wọ́n ṣe ń da ẹ́sáǹsì sínú ìgò. Ẹ ya ẹ̀yìn orí, bàtà, ìwé ọmọ tí wọ́n ń fi owó rẹ̀ san. Ojú wà ní ìpamọ́, iyì náà wà ní ìpamọ́. Ẹni tó bá wò ó lè wá pinnu fúnra rẹ̀ bóyá ohun tí wọ́n ń ṣe tọ́ tàbí kò tọ́, láìjẹ́ pé òkùnkùn ti pinnu fún un.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé yín tó gbà kí ẹ ya òun. Kí onítọ̀hún máa ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, bíi kó máa bó ẹ̀gẹ́. Ẹ yà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ìṣẹ́jú kan ní ìgbà kọ̀ọ̀kan: ní agogo méje àárọ̀ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́; ní agogo kan ọ̀sán nínú oòrùn; ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn; lóru lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ààrò nìkan. Ẹ má yí ohun mìíràn padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin han ẹni tí ẹ yà gan-an, kí ẹ bi í pé: èwo nínú wọn ni ìwọ?

Ìdáhùn yẹn ju ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ lè kọ́ yín lọ. Ó lè jẹ́ èyí tí ẹ rò pé kò dára ni wọ́n máa mú. Ẹ béèrè ìdí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ya fíìmù gidi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.